Iyanrìn Inú Bàsíà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògún, ọdún 2081, ẹ̀rọ àgbègbè sọ pé ẹnu omi ìlú wa, Ọbẹ-Adéjọ, yóò tòrò, ọkọ̀ mọ́kànlá bá jáde, mẹ́jọ ni ó padà wálé.

Èmi ni mo parọ́ fún ẹ̀rọ náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ọ̀pá tó ń sọ fún un bí ilẹ̀ ṣe rí wà.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti Bàbá Ògúngbèjẹ́ wà ní èèkàn keje. Bàbá yìí jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi tó ti kú. Káfíńtà ni, òun ló sì máa ń wa ọkọ̀ fún mi bí mo bá ń lọ yẹ àwọn èèkàn etíkun wò. Èèkàn keje ti wà nínú òkun láti ọdún mẹ́fà. Bàbá ti kan pèpéle pákó sí ibi tó wà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, bí a ṣe ń kan ti ilé wa. Ó so ọkọ̀ mọ́ ọn, mo gun orí rẹ̀, ó gbé bàsíà iyanrìn lé mi lọ́wọ́.

"Rọra o, ìyàwó. Ó ṣì gbóná."

"Ta ló yan án?"

"Ìyá Tóyọ̀sí, nínú agbada gààrí rẹ̀. Ó ní bí a bá tún gbé iyanrìn tútù wá fún òun, òun máa fi tẹ ẹ̀bà fún wa."

Mo gbé bàsíà kalẹ̀ sórí pákó, mo ti ẹsẹ̀ irin ọ̀pá bọ inú iyanrìn, mo sì dúró. Ọ̀pá náà ní fèrèsé kékeré kan lórí níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde, ó sì ní ohùn. Àǹtí ni gbogbo wa ń pe ohùn yẹn, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé tó kàwé, tó wá kí àwọn ará ilé fún ọjọ́ méjì, tí kò fẹ́ kí bàtà òun dọ̀tí.

"Èèkàn keje," Àǹtí wí. "Ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ṣeun. Ó ku méjì."

"Ó tún dúpẹ́," Bàbá wí. "Èèyàn ń parọ́ fún un, ó ń kí èèyàn."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá."

Ó tú okùn. Bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, ó ní, "Àbúrò mi tó ń gbé Òkè-Ìgbàlà tẹ́lẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ lánàá."

"Ṣé ó ń ṣe dáadáa?"

"Ó sanra. Ó ń bomi rin ẹ̀fọ́ nínú ike, lórí ilé alájà mẹ́jọ. Ó ní ẹja tí wọ́n ń pín fún àwọn níbẹ̀ kò ní orí."

"Kò ní orí?"

"Wọ́n ti gé e kó tó dé. Ó ní òun béèrè pé orí rẹ̀ ńkọ́, ẹni tó ń pín in ò mọ̀ pé ó ní orí tẹ́lẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́. Òkè-Ìgbàlà ni ìlú tó wà lápá ìlà-oòrùn wa. Wọ́n sọ òótọ́ fún ọ̀pá tiwọn. Ìlú tí èèkàn rẹ̀ tó wà nínú omi bá ti ju ìlàjì lọ, orúkọ rẹ̀ á parẹ́ nínú ìwé ìjọba ní wákàtí tí ọ̀pá bá sọ ọ́, àwọn ọkọ̀ funfun á sì wá kó àwọn ènìyàn lọ sókè. Wọ́n á gba ẹ́ńjìnnì wọn. Ẹni tí kò ní ìlú létí òkun kò gbọdọ̀ pẹja nínú òkun. Mẹ́sàn-án ni èèkàn tiwa. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà nínú omi.

Ní èèkàn kẹsàn-án ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kò dára. Bí mo ṣe dúró lórí pákó, omi gòkè lábẹ́ mi. Kò pariwo. Ó gòkè, ó dúró díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka mẹ́tàdínlógún kí ó tó tún gòkè. Kò sí afẹ́fẹ́. Ojú ọ̀run mọ́, kò sí ìkùukùu kankan.

"Bàbá, ẹ wo omi yìí."

"Mo ń wò ó. Ó wúwo."

Ìgbì tí afẹ́fẹ́ àdúgbò wa bá gbé dìde kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbì tó bá gùn báyìí, ìjì ńlá kan ló gbé e dìde ní ọ̀nà jíjìn réré lórí òkun lọ́hùn-ún, ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dé. Mi ò lọ sílé-ìwé kọjá kíláàsì kẹrin. Inú ìwé tí wọ́n gbé sínú ọ̀pá ni mo ti kọ́ ọ, ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kà á.

Ìwé náà ní ẹ̀rọ àgbáyé tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń wo òkun láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Kútọnu bíi pé ibì kan náà ni. Bí òjò bá ń rọ̀ ní ìkan, á ní ó ń rọ̀ ní gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ àgbègbè. Ó gé òkun sí wẹ́wẹ́, onígun mẹ́rin mẹ́rin, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé báwo ni ilẹ̀ yín ṣe rí. Ọkọ mi ti kú sínú òkun ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà náà, ọdún mọ́kànlá, ẹ̀rọ yẹn kò tàn wá lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni mo dé ojú ewé tó sọ ohun tí iyanrìn ń ṣe fún ìgbì. Ìgbì tó gùn, bó bá pàdé iyanrìn níwájú ìlú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbo ilẹ̀, á sì wó síbẹ̀. Bí kò bá sí iyanrìn, odidi rẹ̀ ló máa dé ẹnu omi. Ibi tí a bá sì sọ fún ẹ̀rọ pé iyanrìn wà ni ẹ̀rọ ń fi iyanrìn sí. Mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lọ bá Ọlọ́jà, olórí ìlú wa, pé kí á sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ. Ó ní mo ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó ní kí n jẹ́ kí òjò ọdún yìí tán ná.

Nígbà tí a fi dé ilé, aago méje ti lù, iná ti tan. Ó tan ní àwọ̀ ewé lórí ẹ́ńjìnnì mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wà létí afárá pákó, àwọn ènìyàn sì ti ń sáré kó àwọ̀n. Àwọ̀ ewé kì í pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Ẹni tí iná rẹ̀ bá tan tí kò jáde, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á tì pa fún ọjọ́ méje, wọ́n á sì gbé ipò rẹ̀ fún ọkọ̀ ìlú míràn.

Ẹniọlá ọmọ mi dúró sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi eyín tú okùn àwọ̀n kan tó ta kókó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, òun nìkan ni mo bí. Òun ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ọkùnrin méjì ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rù ẹnu rẹ̀.

"Màámi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti fún òkun ní iyanrìn jẹ?"

"Má jáde lónìí."

Ó gbójú sókè. "Kí ló dé?"

"Omi wúwo. Mo kà á dé mẹ́tàdínlógún."

"Àǹtí ní ó máa tòrò."

"Àǹtí rò pé iyanrìn wà níwájú wa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" Ẹ̀rín ló fi béèrè rẹ̀, kò fi bú mi. Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ẹniọlá."

"Màámi, ẹ gbọ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n máa fi tì í. Àwọn méjì yìí níyàwó nílé." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí ọ̀kan. "Ìyàwó tèyí ń jẹun bí ẹni tó lóyún ìbejì."

"Ó lóyún ìbejì lóòótọ́, ọ̀gá," ọkùnrin náà wí.

"Ẹ ò rí i? Tó bá sì burú, iná pupa á tan. Bí pupa bá ti tan, ẹ́ńjìnnì á yí orí ọkọ̀ padà sílé fúnra rẹ̀. Mo lè sùn síbẹ̀, á gbé mi wálé bí ọmọ tuntun. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kí n má bá a jiyàn."

Òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ lé àpótí ẹ́ńjìnnì, mo ní kó búra pé ohun tí àpótí yìí bá ní kó ṣe ni yóò máa ṣe. Ó búra. Ó ń sunkún, àmọ́ ó búra.

Ó fi àjẹ̀ ti òpó afárá, ọkọ̀ sún. "Ẹ bá mi gbé omi kaná," ó ní. "Mo máa wẹ̀ tí mo bá dé."

Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú ogún, nọ́mbà wọlé láti ọ̀dọ̀ àgbá tó léfòó sí àárín òkun, èyí tó ń wọn ìgbì. Ìgbì náà ga ju mítà méjì lọ, ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógún ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo fi ọ̀pá pe iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ. Gbàdébọ̀ ló dáhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń jókòó tì í lókè lọ́hùn-ún. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí. Ó máa ń kí mi dáadáa.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ilé ńkọ́?"

"Ṣé o ti rí nọ́mbà àgbá?"

"Mo rí i, Màmá. Ẹ̀rọ náà rí i. Ó ní ìgbì á wó sórí iyanrìn yín kó tó dé ẹnu omi. Díẹ̀ ló máa kù nínú rẹ̀."

"Tí kò bá sí iyanrìn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó wà, Màmá. Láàárọ̀ yìí."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Mo ní tí kò bá sí ńkọ́."

"Tí kò bá sí, odidi rẹ̀ á dé. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wó lẹ́nu omi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọ̀sán ló máa le jù."

"Jẹ́ kí ẹ̀rọ tún un ṣírò."

"Aago méjìlá ló tó máa tún un ṣírò, àfi tí ilẹ̀ bá yí padà. Tí ó bá rí i pé èèkàn tó yí padà ju ìlàjì lọ, á pa gbogbo iṣẹ́ yòókù tì, á tún un ṣírò ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Àmọ́ ẹ ní láti dé ìdí èèkàn kọ̀ọ̀kan fúnra yín." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa ṣe fún ìlú yín. Mi ò gbọ́ nǹkankan lẹ́nu yín o. Mi ò kọ nǹkankan sílẹ̀."

Mo ṣírò tèmi náà. Bí mo bá jáde lójú ẹsẹ̀, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a máa parí èèkàn márùn-ún. Iná pupa á tan ní aago mẹ́wàá. Àwọn ọkọ̀ á wọlé nígbà tí ìgbì ṣì kéré. Àkókò wà. Mo mú ọ̀pá, mo jáde sórí afárá, mo bá Ọlọ́jà níbẹ̀.

Bàbá Ògúngbèjẹ́ ló lọ sọ fún un pé omi wúwo. Mi ò bínú sí i. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe.

"Ìyá Ẹniọlá, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ sídìí èèkàn, Bàbá."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé."

"Mo fẹ́ lọ da iyanrìn nù."

Ó jókòó. Níwájú mi gan-an ló jókòó sí, lórí pákó, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì dí afárá. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún. Pákó méjì péré ni afárá wa fẹ̀, omi ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ní ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn kì í ré ẹsẹ̀ àgbàlagbà kọjá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Wo òkè," ó ní. "Kí lo rí?"

"Kò sí nǹkankan, Bàbá."

"Ènìyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló jáde láàárọ̀. Àwọn tó kù sílé ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Bí o bá da iyanrìn yẹn nù, tí omi ò sì ṣe nǹkankan, ta ló máa bá wa kó o padà?"

"Ẹniọlá wà níta."

"Ọmọ ọmọ mi méjì wà níta."

"Ẹ jẹ́ kí n kọjá, Bàbá. Mo bẹ̀ yín."

"Èmi náà ń bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí á wò ó díẹ̀ sí i. Bí a bá rí ohunkóhun, ọwọ́ mi ni màá fi da iyanrìn nù."

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un, nípa ẹsẹ̀ ìgbì àti iyanrìn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Àwọn obìnrin ti jáde sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń wò wá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ń fẹ́ kí n ṣe é, wọn ò sì fẹ́ kí n ṣe é.

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wà lórí eékún mi. Lẹ́yìn náà ni omi gòkè lábẹ́ afárá, ó gba àárín pákó jáde, ó rẹ aṣọ Ọlọ́jà dé itan. Ó wo aṣọ náà. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Mo sáré kọjá.

Bàbá Ògúngbèjẹ́ wa ọkọ̀ bí ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ní èèkàn kìíní, mo da iyanrìn nù, mo ti ọ̀pá bọ inú òkun, mo dì í mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rì pátápátá.

"Èèkàn kìíní," Àǹtí wí. "Omi. Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn gùn púpọ̀. A lọ sí ìkejì, a lọ sí ìkẹta. Ní ìkẹrin, pèpéle ti ń mì, mi ò gun orí rẹ̀ mọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti na ọwọ́.

Nígbà tí a dé ìkarùn-ún, aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Láti ibẹ̀, a lè rí ẹnu omi, ibi tí odò wa ti ń wọ òkun. Ìlà funfun kan hàn níbẹ̀, ó parẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún hàn.

"Ìyàwó," Bàbá wí, "ó ti ń wó."

"Mo rí i."

"Bí iná pupa bá tan báyìí, àárín ìyẹn ni wọ́n máa gbà wọlé."

"Ó ṣì kéré, Bàbá."

"Àádọ́ta ìṣẹ́jú sí i, ṣé ó ṣì máa kéré?"

Ohun tí mo rò nìyí, màá sọ ọ́ bó ṣe rí: mo rò pé irọ́ ni ẹ̀rọ náà ti ń jẹ, òun ni kò jẹ́ kó mọ̀. Bó bá jẹ òótọ́, á mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi tàn mí. Àwa la tàn án. Mi ò rò pé Ẹniọlá ní ojú tirẹ̀ níta níbẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo ti ọ̀pá bọ omi.

"Èèkàn karùn-ún," Àǹtí wí. "Omi. Ó ti ju ìlàjì lọ. A ti gba àtúnṣe yín. Ẹ ṣeun."

Iná pupa tan ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà yẹn, ẹnu omi ti funfun láti apá kan dé èkejì, a sì ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ilé. Gbogbo ìlú ló ti wà lórí afárá. Mo pe Gbàdébọ̀.

"Sọ fún ẹ̀rọ kó ní kí wọ́n dúró síta. Ìta ò léwu. Ẹnu omi ló burú."

"Màmá, kò mọ bí a ṣe ń sọ ìyẹn. Nǹkan méjì ló mọ̀: ẹ jáde, ẹ wálé. A ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá nípa rẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

"Tú ẹ́ńjìnnì wọn sílẹ̀ nígbà náà."

"Ọwọ́ mi ò tó o."

"Ọwọ́ ta ló tó o?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Mo ń pe ẹni tí mo lè pè. Wọn ò gbé e."

Rédíò inú ọkọ̀ Ẹniọlá wọlé lórí ọ̀pá mi kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìbínú ló wà lóhùn rẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rù.

"Màámi, ta ló pè wá? Ìta ibí dára. Ó kàn ń gbé wa sókè, ó ń sọ̀ wá kalẹ̀. A ti ń wo ẹnu omi yẹn láti bí wákàtí kan, gbogbo wa ti sọ ọ́ lórí rédíò pé a ò ní wálé, pé ibí la máa sùn."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú.

"Màámi?"

"Èmi ni."

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, kò dẹwọ́.

"Kò gbọ́ tèmi mọ́," ó ní. "Ó ti yí orí padà. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, kò dáhùn."

"Fọ́ àpótí rẹ̀."

"Mo ti ń fọ́ ọ. Ìdákọ̀ró ni mo fi ń lù ú. Àwọn ọkọ̀ méjì ti fọ́ tiwọn, mo ń wò wọ́n, wọ́n dúró." Mo gbọ́ irin tó kan irin, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. "Tèmi le. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ra èyí tó le."

"Ẹ fò sínú omi. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dúró á gbé yín."

"Kẹ́ẹ̀gì méjì péré ló wà láti fi léfòó nínú ọkọ̀ yìí." Ó yí ẹnu kúrò, mo sì gbọ́ tó ń pariwo mọ́ àwọn ọkùnrin rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ pé rárá, ọ̀gá, rárá. Ó pè é ní orúkọ kan tí mi ò lè kọ síbí, ó ní ìyàwó rẹ̀ lóyún ìbejì, kó dìde. Mo gbọ́ omi. Lẹ́yìn náà mo tún gbọ́ omi.

"Wọ́n ti lọ," ó ní. "Wọ́n ń léfòó. Àwọn tọ̀hún ti rí wọn."

"Ìwọ náà fò."

"Àpótí náà ti ń là, Màámi. Ó ku díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un lù."

Irin tún kan irin. Mo kà á, mi ò mọ ìdí tí mo fi ń kà á. Mo ka mẹ́jọ. Nígbà yẹn, ìgbì ńlá kan gòkè lẹ́nu omi, gbogbo wa lórí afárá rí ọkọ̀ kan tó gòkè tẹ̀lé e, imú rẹ̀ kọjú sí wa gan-an bí ẹ́ńjìnnì ṣe kọjú rẹ̀. Bàbá Ògúngbèjẹ́ di apá mi mú. Nígbà tí ìgbì náà wó tán, kò sí nǹkankan níbẹ̀, ọ̀pá mi sì dákẹ́.

Ọkọ̀ mẹ́fà rí àlàfo láàárín ìgbì, wọ́n wọlé. Àwọn méjì tó fọ́ àpótí wọn dúró síta, wọ́n wálé ní ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin Ẹniọlá méjèèjì wà nínú ọ̀kan. Mẹ́ta ló lọ. Ènìyàn méje. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ Ọlọ́jà wà níbẹ̀.

Òkú Ẹniọlá wálé ní ọjọ́ kejì, sídìí òpó ilé ẹlòmíràn. A wẹ̀ ẹ́. A ń múra láti gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìlú, sórí ilẹ̀ gbígbẹ kékeré tí bàbá rẹ̀ wà, nígbà tí àwọn ọkọ̀ funfun dé. Wọ́n yára ju bí mo ṣe rò lọ.

Obìnrin kan ló bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Kò rorò. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun kẹ́dùn, ó bi mí ní orúkọ ọmọ mi àti ọjọ́ orí rẹ̀, ó kọ ọ́. Ó béèrè aago tó kú. Mo ní ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Ó béèrè ìlú rẹ̀.

"Ọbẹ-Adéjọ," mo ní.

Ó wo ìwé rẹ̀.

"Màmá, orúkọ yẹn ti parẹ́ ní aago mẹ́wàá ọjọ́ náà."

"Ibẹ̀ ni mo bí i sí."

"Mo mọ̀, Màmá. Àmọ́ nígbà tó kú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò lè kọ ọ́. A ò sì lè sin ènìyàn síbi tí kì í ṣe ìlú, òfin ò gbà á. A máa gbé òkú gbogbo wọn dání."

Bàbá Ògúngbèjẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́jà dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbàlagbà yẹn. Obìnrin náà sunkún, ó sì fi àyè ìlú sílẹ̀ lófo nínú ìwé rẹ̀.

Wọ́n sin Ẹniọlá sí òkè, nínú ilẹ̀ pupa, níbi tí kò dé rí nígbà tó wà láàyè, ọ̀nà wákàtí mẹ́rin sí ibi tí bàbá rẹ̀ wà. Nọ́mbà ni wọ́n kọ sí ojú oórì rẹ̀. Ọgọ́ta lé kan.